Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ̀rọ Míìgì Lọ Tọrọ Ìyàwó ní Ìbà

Ọjọ́ kan wà nínú ayé mi tí kò fẹ́ gbó bọ̀rọ̀. Bùbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà ti di àkísà, bàtà ẹsẹ̀ mi ti lu tán, ṣùgbọ́n ọjọ́ ọ̀hún gan-an ṣì ń dán lọ́kàn mi bí àwo tuntun. Nígbà mìíràn, bí mo bá jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù mi ní Okokomaiko, màá kàn máa dá rẹ́rìn-ín, àwọn aládùúgbò á sì máa wo ara wọn lójú pé orí bàbá yìí ti fẹ́ yí. Orí mi ò yí o. Ìbà ni mo rántí.

Wẹ́dà ni mí, irin ni mò ń jó. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Ọjọ́ tí mo mọ orúkọ ara mi kọ ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ tíṣà, mo sì bá tèmi lọ, kó má baà jẹ́ pé mo gba ìmọ̀ tó yẹ kó kan ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ irin, ẹ bi wọ́n wò láti Okokomaiko títí dé Ọ̀tọ̀-Àwórì. Géètì kan wà tí mo jó nígbà tí eegun mi ṣì le, àwọn olè ti darúgbó sídìí ẹ̀ láìrí i ṣí. Wọ́n ní ọ̀kan nínú wọn ti di baba àgbà, ọmọọmọ ẹ̀ ló ń bá a gbìyànjú ẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ gbìyànjú géètì náà fúnra ẹ̀.

Ẹ̀rọ ìjórin tí mò ń lò nígbà yẹn, èmi ni mo fọwọ́ ara mi wé wáyà inú ẹ̀. Tí mo bá tan án, á máa kùn bí àgbò tí wọ́n já ewé gbà lẹ́nu ẹ̀. Ẹlẹkitiróòdù la fi ń ṣiṣẹ́, ọ̀pá tín-ín-rín kan báyìí. A ó fi ẹnu ẹ̀ kan irin, iná á ṣẹ́ yọ, ọ̀pá á yọ́, irin á lẹ̀ mọ́ra, a ó wá fi òòlù gbá èèpá tó bo ojú ẹ̀ dànù. Irin tó nípọn ló wà fún. Èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ má fi hàn án.

Ní Ìbà, obìnrin kan wà tó ń yan búrẹ́dì. Ìyá Títí la máa ń pè é. Ọkọ ẹ̀ ti kú ọjọ́ ti pẹ́, òun ló sì ń dá ilé búrẹ́dì náà ṣe. Èmi náà, ìyàwó mi ti sùn, àwọn ọmọ mi ti fọ́n káàkiri, ilé dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ tí aláǹgbá bá wúkọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì láàárọ̀ nìyẹn, mo ń jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, mo tún ń jẹ ẹ́ lálẹ́. Mi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn búrẹ́dì.

Mi ò dá nìkan jẹ ẹ́, ṣé ẹ mọ̀. Sájẹ́ńtì kan wà, ológun tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé nítòsí bárékè Ọ̀jọ́. Òun náà ń ra búrẹ́dì. Ẹni tó ń dá gbé, tó ń ra búrẹ́dì tó lè bọ́ ilé ìwé kan! Ó máa ń kun irun orí ètè ẹ̀ dúdú minimini, á wọ kóòtù nínú oòrùn, á wá dúró gbọnin níwájú tábìlì bí ẹni pé wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ.

Nígbà tí mo rí i pé búrẹ́dì fẹ́ pa mí, mo sọ tẹnu mi jáde. Mo ní, "Ìyá Títí, ẹ̀yin dá wà, èmi dá wà. Ṣé kò yẹ ká jọ máa dá wà pọ̀?"

Ìyá Títí ò bínú. Ó wọlé, ó gbé agolo tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì jáde, ó tò wọ́n síwájú mi. Ìdí gbogbo wọn ti lu.

"Bàbá Wẹ́dà, ẹ wò ó," ló wí. "Ìyẹ̀fun tí mo pò ń yọ orí síta láti ìdí wọn. Búrẹ́dì mi ti ń hu ìdodo. Àwọn oníbàárà ń bi mí bóyá mo bí i ni."

Sájẹ́ńtì wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. "Màdáàmù, màá ra tuntun fún yín."

"Mi ò ní kí ẹ ra, Sájẹ́ńtì. Ọkọ mi ló ní kí wọ́n rọ ìwọ̀nyí, ìwọ̀n wọn làwọn èèyàn mọ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹni tó máa tún un ṣe ni mò ń wá." Ó wá yí ojú sí mi. "Bàbá Wẹ́dà, ẹ bá mi dí ihò wọ̀nyí, lẹ́yìn náà ká wá sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ mú wá. Ẹni tí kò bá lè tọ́jú agolo, ṣé òun ló máa tọ́jú èèyàn?"

Mo kó agolo náà dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú orin lẹ́nu. Mo tan ẹ̀rọ mi, ó kùn, mo fi ẹnu ẹlẹkitiróòdù kan ìdí agolo àkọ́kọ́. Ihò tó dà bí hóró ẹ̀pà di hóró àgbálùmọ̀. Mo ní kí n dí ìyẹn, ó di ọsàn. Mo ní kí n dí ọsàn, ìdí agolo bá jábọ́ pátápátá. Mo gbé e sójú, mo ń wo ojú títì láti inú ẹ̀. Obìnrin kan tó ń kọjá kí mi, mo sì dá a lóhùn láti inú ibẹ̀.

Wẹ́dà ẹgbẹ́ mi kan tó wà lódìkejì títì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, irin fẹ́lẹ́ bí èyí, míìgì ló ń jó o. Kò ní ẹlẹkitiróòdù. Wáyà ló wé sínú ẹ̀rọ, ẹ kàn máa fọwọ́ tẹ ìbọn ẹ̀, wáyà á máa jáde fúnra ẹ̀, gáàsì á máa tẹ̀ lé e, á bo ojú irin kí afẹ́fẹ́ má baà bà á jẹ́. Kò léèpá, kò lóòlù. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ yan ẹ̀rọ o, torí..."

Mi ò dúró gbọ́ 'torí'. 'Á máa jáde fúnra ẹ̀' ti tó mi. Mo ti wà lórí ọ̀kadà, mo ń lọ sí Alábà.

Ọmọ Ígbò kan tí wọ́n ń pè ní Ẹmẹ́ká ló ń ta ẹ̀rọ ìjórin níbẹ̀, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ. Ó fi àga fún mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè bíi dókítà. "Bàbá, irú irin wo lẹ fẹ́ jó? Ṣé ó nípọn àbí ó fẹ́lẹ́? Irú iná wo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yín? Ṣé inú ilé lẹ ó ti ṣiṣẹ́ àbí ìta?"

Mo ń wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ̀rọ kan dúró síbẹ̀, ó ga tó àyà mi, ó ní táyà lẹ́sẹ̀, ó ní bọ́tìnnì lójú bí ọkọ̀ òfuurufú.

"Ìyẹn ńkọ́?" ni mo bi í.

"Ìyẹn? Bàbá, àwọn tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ń ra ìyẹn. Wáyà ẹ̀ nípọn, iná ẹ̀ le, ó tún fẹ́ iná onílà mẹ́ta, irú ti ilé iṣẹ́ ńlá. Ẹ̀yin ní agolo búrẹ́dì."

"Ẹmẹ́ká, ọkùnrin tó ń wá ìyàwó kì í gbé ẹ̀rọ kékeré."

Ó wò mí títí. "Baba, na you sabi o," ló wí, ó sì jọ̀wọ́ ẹ̀ fún mi. Bí wọ́n ṣe ń gbé e sínú ọkọ̀, ó ṣì ń sáré tẹ̀ lé wa, ó ń sọ pé, "Bàbá, gáàsì ẹ̀ kì í ṣe ti ìdáná o! Ẹ má lọ fi gáàsì ìdáná sí i! Èyí tó máa ń pa iná ni!"

Mo juwọ́ sí i. Gáàsì tó ń pa iná, ta ni ò mọ̀ ọ́n?

Ní ṣọ́ọ̀bù mi, bí mo ṣe tẹ bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, iná gbogbo òpópónà wa ṣú. Ẹni tó ń gé irun ní ẹ̀gbẹ́ mi gé ìdajì orí oníbàárà, ó dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi láti ilé dé ilé, wọn ò sì fi àdúrà pè é. Ibẹ̀ ni mo ti rántí pé ilé búrẹ́dì Ìyá Títí ní iná onílà mẹ́ta, ó tún ní jẹnẹrétọ̀ ńlá tó ń yí ẹ̀rọ ìpoyẹ̀fun. Mo ní ó tiẹ̀ dáa bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kó rí ọkùnrin lẹ́nu iṣẹ́.

Ó ku gáàsì. Ẹ sì mọ̀ pé kò sí onímọ́tò kankan lápá ọ̀dọ̀ wa tí kò ní agolo pupa tí wọ́n fi ń pa iná nínú ọkọ̀ ẹ̀, nítorí àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú pópó. Ọ̀rẹ́ mi kan ń wa lọ́rì, tiẹ̀ tóbi bí ọmọ tó ti ń lọ sílé ìwé. Mo lọ yá a ní gáréèjì Okokomaiko.

"Bàbá, ṣé iná ń jó níbì kan ni?" ló bi mí.

"Ó ń jó," ni mo wí, "ṣùgbọ́n àyà mi ló wà."

Lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ tí wọn kì í yan búrẹ́dì níbẹ̀, mo dé Ìbà pẹ̀lú ẹ̀rọ mi àti agolo wọn, mo wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ búlúù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìyá Títí gbá inú ilé mọ́, wọ́n kó ìyẹ̀fun sí yàrá ẹ̀yìn. Sájẹ́ńtì ti wà níbẹ̀ kí n tó dé, nínú kóòtù. Ó ní òun kàn ń kọjá. Láti Ọ̀jọ́! Nítorí pé inú ilé gbóná, Ìyá Títí ṣàánú mi, ó gbé fáànù ńlá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó yí i dé òpin.

Mo gbé ìbọn míìgì dání. Mo ní kí n kọ́kọ́ wò bóyá wáyà ń jáde. Mo tẹ̀ ẹ́. Wáyà jáde. Ó wù mí, mo tẹ̀ ẹ́ títí. Wáyà náà gba orí tábìlì kọjá bí ejò tó gbọ́ ìpè, ó rọra wọ inú àpò kóòtù Sájẹ́ńtì, ó sì ń ká síbẹ̀.

"Bàbá, ẹ dáwọ́ dúró," ni Sájẹ́ńtì wí, kò mira. "Ó ti dé ìbàdí mi."

Wọ́n gé wáyà. Mo gbé jígí dúdú sójú, mo gbé agolo tí ìdí ẹ̀ jábọ́ yẹn kalẹ̀, mo tẹ ìbọn. Ẹ̀rọ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi pàdé agolo búrẹ́dì. Ohùn kan ṣoṣo ló jáde, *fùú*. Nígbà tí mo ṣí jígí, mi ò rí agolo mọ́. Etí ẹ̀ nìkan ló kù lọ́wọ́ mi.

Ìyá Títí rọra gbé agolo yòókù jìnnà sí mi díẹ̀.

"Gáàsì ni mi ò tíì sí," ni mo wí kíákíá. "Gáàsì ló ń tù ú nínú."

Mo fi rọ́bà mú ẹnu agolo panápaná mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, mo dè é dáadáa, torí èmi kì í ṣe iṣẹ́ yẹ̀yẹ́. Mo di ìbọn mú lọ́wọ́ kan, mo fi ọwọ́ kejì tẹ orí agolo.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gáàsì ló wà nínú ẹ̀. Ìyẹ̀fun ni, àmọ́ kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì. Rọ́bà já. Nǹkan funfun kan tú jáde pẹ̀lú ariwo, ó kọlu fáànù, fáànù sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó pín in kárí láìṣe ojúsàájú. Mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́. Mo kàn ń gbọ́ ohùn Sájẹ́ńtì nínú kùrukùru náà, "Gbogbo yín, ẹ dọ̀bálẹ̀!" Mo sì gbọ́ bí òun fúnra ẹ̀ ṣe balẹ̀ gbàà sábẹ́ tábìlì.

Nígbà tí ojú mọ́ díẹ̀, gbogbo ilé ti funfun. Ògiri funfun, àga funfun. Ìyá Títí dúró láàárín ilé, ó funfun láti gèlè dé bàtà, ojú méjèèjì nìkan ló ń ṣẹ́ wìnnì. Wọ́n ní adìyẹ dúdú kan tó ń jẹ̀ lẹ́yìnkùlé di funfun lọ́jọ́ náà, ẹyin funfun ló sì ń yé di òní. Èmi ò débẹ̀ wò.

Ìyá Títí ló kọ́kọ́ la ẹnu. "Bàbá Wẹ́dà," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ ti tọrọ mi tán nìyẹn?"

Láti abẹ́ tábìlì, Sájẹ́ńtì béèrè pé, "Ṣé wọ́n ti lọ?" Ó yọ orí. Irun ètè ẹ̀ tó ń kùn látọjọ́ yìí ti di òwú.

Ìyá Títí wò ó. Ó wò mí. Ó bọ́ sórí àga, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà mì í láti ẹsẹ̀, omi ojú ẹ̀ ń la ọ̀nà nínú funfun tó wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, èmi náà fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, ló bá nu ojú, ó dìde.

"Ẹ̀rín ò dí ihò," ló wí. "Agolo mi ṣì ń jò, ọ̀kan sì ti dín nínú wọn. Ẹ gbálẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí Sátidé tó ń bọ̀ bá dé tí ẹ ò rí i ṣe, Sájẹ́ńtì á lọ ra tuntun."

Sájẹ́ńtì gbọn kóòtù ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ẹ̀rín yẹn ló dùn mí jù.

Mo ti ẹ̀rọ náà padà sí Alábà. Ẹmẹ́ká rí mi lókèèrè. Ó rí funfun tó wà nínú etí mi, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo sọ fún un. Ó ní kí n tún un sọ. Ó pe àwọn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kejì wá, ó ní kí n sọ ọ́ fáwọn náà. Nígbà tí wọ́n rẹ́rìn-ín tán, ó gba ẹ̀rọ rẹ̀, ó ní òun á pààrọ̀ ẹ̀ fún mi, torí ìtàn yẹn nìkan ti tó òun ta ọjà fún oṣù kan.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo dáhùn gbogbo ìbéèrè ẹ̀. Irin mi fẹ́lẹ́. Iná mi jẹ́ ti ilé lásán. Inú ilé ni màá ti ṣiṣẹ́. Ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan fún mi, èèyàn lè gbé e kọ́ apá bí àpò. Wáyà ẹ̀ tín-ín-rín bí okùn ìwọ̀ àwọn apẹja. Ó fún mi ní akoto tó bo gbogbo ojú, ó ní jígí dúdú mi ò lè gba iná míìgì. Ó tún bá mi rí sílíńdà gáàsì gidi, tó ní aago lórí tó ń fi hàn bí gáàsì ṣe ń jáde. "Gáàsì tó ń pa iná ni mo wí," ló ní, "mi ò sọ pé kí ẹ lọ tú agolo panápaná inú ọkọ̀." Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, agolo mílíìkì tí àwọn ará àdúgbò ń dà nù ni mo fi ń kọ́ ọwọ́.

Sátidé pé. Ojú tí mo fi wọ ilé búrẹ́dì náà, ẹ bá mi ṣàánú. Ìyá Títí gbé fáànù wá gẹ́gẹ́ bí ìṣe ẹ̀, Sájẹ́ńtì dúró sí ẹnu ọ̀nà gan-an, ibi tó ti lè sá. Mo dé akoto, mo tẹ ìbọn ní ìtẹ̀kúkúrú bí mo ṣe kọ́ ọ. Agolo ò jó. Mo fẹ́ bú sẹ́rìn-ín, mo wá wo ojú iṣẹ́ náà. Ó kún fún ihò wẹ́wẹ́ bí àkàrà. Mo tún un ṣe, àkàrà ni. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Títí tẹ̀ ba, ó fi ìka kàn án. "Kí ni gáàsì yín ń ṣe gan-an?"

"Ó ń bo irin kí afẹ́fẹ́ má dé e."

"Afẹ́fẹ́." Ó wo fáànù. "Bàbá Wẹ́dà, bí mo bá gbé ìyẹ̀fun tí mo pò síwájú fáànù, ojú ẹ̀ á gbẹ, á là. A máa ń fi aṣọ bò ó ni. Ẹ̀yin gbé aṣọ yín síwájú ìjì." Ó na ọwọ́ sí ara ògiri, ó pa fáànù.

Ooru bò wá bí aṣọ òtútù. Òógùn ń kán lára mi bí òjò ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tẹ ìbọn, ohùn ẹ̀ yí padà, ó dọ́gba, ó ń dín bí ẹyin nínú epo. Ojú irin náà jáde, ó ń dán, ó tò léra bí ìpẹ́ ẹja. Mo ṣe òmíràn. Mo ṣe òmíràn. Nígbà tó yá, Sájẹ́ńtì bọ́ kóòtù, ó wá bá mi di agolo mú. Ó ní, "Bàbá, mo ti rí ọ̀pọ̀ ìbọn, mi ò rí èyí tó ń dí ihò rí."

Ìyá Títí bu omi sínú gbogbo wọn, ó tò wọ́n sórí tábìlì gbígbẹ. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró, à ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Tábìlì ò tutù.

"Ó dáa," ló wí. "Ọ̀rọ̀ wo lẹ mú wá lọ́jọ́sí?"

Mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu òógùn ojú. Sájẹ́ńtì ló mú kóòtù ẹ̀, ó kí mi bí ológun ṣe ń kí ọ̀gá, ó sì gba ọ̀nà Ọ̀jọ́ lọ láìra búrẹ́dì. Ìgbà tó lọ tán ni mo tó tún ọ̀rọ̀ mi sọ. Ìyá Títí gbọ́ ọ títí dé òpin, ó ní, "Ẹ lọ wẹ̀, kí ẹ wá rí àwọn ọmọ mi lọ́la."

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni mo fi ń tà á: kí o tó ra ẹ̀rọ, mọ irin tí o fẹ́ jó, mọ iná tó wà nílé rẹ, mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń wá, kí o sì jẹ́ kí ẹni tó ń tà á sọ̀rọ̀ dé òpin. Ìgbéraga kì í jó irin, ihò ló máa ń gbẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí a ti ń gbé pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́nnu fún un pé agolo wọ̀nyẹn ni mo fi gbà á lọ́wọ́ Sájẹ́ńtì. Ó ń gé búrẹ́dì, kò tiẹ̀ gbé ojú sókè.

"Sájẹ́ńtì wo? Ọjọ́ tí ẹ sọ pé ká jọ máa dá wà pọ̀ ni mo ti gbà," ló wí. "Ṣùgbọ́n agolo mi ń jò, mo sì rí wẹ́dà tí kò ní gba owó."

Tíì ló wà lẹ́nu mi, mi ò tíì gbé e mì. Mo rẹ́rìn-ín títí tíì fi gba imú mi jáde.